Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn, tó fẹ́ẹ́ pa ara ẹ̀, òun náà ló padà di bíṣọ́ọ̀bù!
*Ìtàn Àjàyí Crowther àti ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀ fún ẹni táyé ti fẹ́ẹ́ sú

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kílẹ̀ tóó mọ́ dáadáa, tẹ́ ẹ bá dúró ní Ojúẹlẹ́gba tàbí Oṣòdì, orúkọ kan ni etí yín máa kọ́kọ́ gbọ́. "CMS! CMS! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Bí àwọn kọ̀ńdọ́ ṣe ń pariwo ẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n á máa fọwọ́ lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà. Àwọn tó ń sáré wọ ọkọ̀ náà ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo wọn linú wọn dùn. Òmíì wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì sanwó oṣù méjì fún. Òmíì, onílé ti kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀kejì. Òmíì, wọ́n ti lé ọmọ ẹ̀ wálé láti iléèwé torí owó tí wọn ò rí san. Òmíì sì wà tí kò sí nǹkan kan pàtó tó ṣe é, ó kàn jí láàárọ̀ ni, tó rí i pé gbogbo nǹkan ti sú òun. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé báàgì lé itan, wọ́n á máa wo títì. Bí ẹnì kan bá dìde tó ń wàásù nínú ọkọ̀, àwọn kan á ṣe "Àmín" látẹnu lásán, àwọn kan á yíjú sójú fèrèsé, wọ́n á ṣe bíi pé àwọn ò gbọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rò rí ni pé orúkọ tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo ẹ̀ yẹn nítàn nínú. CMS tí wọ́n ń wí yìí, Church Missionary Society ni, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1799. Tẹ́ ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ńbẹ̀, tẹ́ ẹ rìn díẹ̀ gba Marina, ẹ óò kan ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Cathedral Church of Christ, níbi tí ohun ìrántí ọkùnrin kan wà. Òun ni CMS rán níṣẹ́ jù nílẹ̀ Yorùbá àti lẹ́bàá odò Ọya nígbà ayé ẹ̀. Àjàyí lorúkọ ẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ nípa ẹ̀, ohun tí wọ́n sì há sórí kò ju pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, àti pé ó wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan lèèyàn mọ̀, yóò rò pé èèyàn kan tí Ọlọ́run kàn gbé sókè lọ́jọ́ kan ni, tí kò mọ ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀, irọ́ gbáà nìyẹn. Ohun tójú ọkùnrin yìí rí, bí wọ́n bá pín in fún èèyàn mẹ́wàá, yóò tó wọn sunkún.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N KÓ ÒṢÓÒGÙN

Òṣóògùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tòde òní, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni Yorùbá ń pè ní Àjàyí, ìyẹn sì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lásìkò náà, ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ń tú ká, ogun àti ìkónilẹ́rú ti gba ilẹ̀ kan. Ẹni tó bá sùn lónìí kò mọ̀ bóyá abẹ́ òrùlé ara òun lòun máa sùn lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ni ariwo ogun sọ. Kí wọ́n tóó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ológun ti yí ìlú po. Bàbá Àjàyí sáré wálé, ó ní kí ìyàwó òun àtàwọn ọmọ tètè máa sá lọ, ló bá yíjú padà sójú ìjà. Ìgbà tí ọmọ náà máa rí bàbá ẹ̀ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Sísá ọ̀hún ò gbà wọ́n. Ìyá ẹ̀, Afala, gbé ọmọ jòjòló tí kò tíì pé ọdún kan dání, ọmọbìnrin mìíràn tún wà lọ́rùn ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ẹ́ sá tó? Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn bí ẹní so ewúrẹ́, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni iná ń jó ìlú wọn lẹ́yìn.

Wọ́n kó wọn dé Ìsẹ́yìn, wọ́n sì pín wọn bí ẹní pín ẹran. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, Àjàyí àti àbúrò ẹ̀ kan bọ́ sọ́dọ̀ olóyè ogun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fi ọmọkùnrin yìí gba ẹṣin. Ẹṣin kan, ọmọ èèyàn kan, wọ́n ti kúrò lórí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan o! Lẹ́yìn bí oṣù méjì, wọ́n ní pàṣípààrọ̀ náà ò tẹ́ àwọn lọ́rùn mọ́, wọ́n dá ẹṣin padà fólówó ẹ̀, wọ́n gba ọmọ padà. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ, tí wọ́n pọ̀n, tí wọ́n sì ń kì lóríkì, òun ni wọ́n ń dá padà bí ọjà tí kò dáa.

"Ó SÀN KÍ N KÚ"

Nígbà tó yá, ó dé ìlú kan tí ìyá ẹ̀ wà. Ojú wọn tún rí ara wọn, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn fún bí oṣù mẹ́ta. Ọkàn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ó rò pé wàhálà ti tán. Alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kàn dédé wá mú un, tí wọ́n dè é lọ́wọ́, ó di ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tún rí ìyá ẹ̀ mọ́ títí fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọwọ́ obìnrin kan ló wà nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ẹ́ ta òun sísàlẹ̀, lápá ibi tí àwọn òyìnbó Potogí ti ń rà èèyàn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ rántí pé ọmọ bí ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni o. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nígbà náà ni pé ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òyìnbó, ó lọ nìyẹn. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ mọ́, orun ò kùn ún mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan lọ́dún 1837, nígbà tó ti dàgbà, pé lóru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, lòun gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn pa. Ó ní ìgboyà láti ṣe é dópin ni kò sí. Ó tún rò ó pé tí àwọn bá ń kọjá lójú omi, òun máa bẹ́ sínú odò, kí gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ẹni tó bá ń rò ó láti kú, ìgbàgbọ́ ẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀ ni, tàbí pé ẹ̀mí burúkú ló ń bá a jà, kò sì yẹ kó sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní bàbá ìsìn Kristi nílẹ̀ Yorùbá kò fi tiẹ̀ pa mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ẹ̀ l'Óyìnbó láti kà. Ojú ò tì í láti sọ pé ìgbà kan wà tí ayé sú òun débi pé òun fẹ́ẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà rí i pé ọmọ ò jẹun mọ́, ó tà á. Láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì, wọ́n fi ọtí àti tábà rà á, títí tó fi dé Èkó. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí òyìnbó, ẹ̀rù sì bà á débi pé ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n kó òun àtàwọn yòókù sínú ọkọ̀ Potogí kan tí wọ́n ń pè ní Esperanza Felix. Gbogbo wọn jẹ́ 187.

ẸRAN ẸLẸ́DẸ̀ TÍ WỌ́N RÒ PÉ ÈÈYÀN NI

Lọ́jọ́ keje, oṣù kẹrin, ọdún 1822, kí ọkọ̀ náà tóó rìn jìnnà ni ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Myrmidon ká wọn mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ ojú òkun. Wọ́n gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Àmọ́ ta ló máa sọ fún wọn pé ìgbàlà ló dé? Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Lójú Àjàyí àtàwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀, olè kan ló gbà wọ́n lọ́wọ́ olè mìíràn.

Bí wọ́n ṣe wọ inú ọkọ̀ ogun náà ni wọ́n rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n tún rí nǹkan róbótó dúdú tí wọ́n tò jọ rẹpẹtẹ. Àyà wọn já. Wọ́n ní ẹran ara àwọn tí wọ́n jọ kó ni wọ́n gbé kọ́ yẹn, orí wọn sì ni wọ́n tò jọ yẹn! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa ni wọ́n tóó rí i pé ẹsẹ̀ ẹran náà ní pátákò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àwọn nǹkan róbótó yẹn sì ni ọta àgbá irin. Ìgbà náà lọkàn wọn tóó balẹ̀.

Tí èèyàn bá gbọ́ ìtàn yìí lónìí, yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan tó ń sọ. Ọjọ́ tí ìdáǹdè ọmọ yìí dé gan-an lọjọ́ tẹ́rù bà á jù. Ìgbà mìíì wà tí ohun rere máa wọlé tọ èèyàn wá, tó jẹ́ pé ojú ẹni tí wọ́n ti ṣe níṣekúṣe ni yóò fi wò ó, yóò sì pè é ní ikú. Ẹni tí wọ́n ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, tẹ́nì kan bá wá ràn án lọ́wọ́ nígbà kọkànlá, yóò máa wá ibi tí kàkàkí ti fẹ́ẹ́ dún ni.

ṢÁLÓÒNÙ, ÌWÉ ÀTI ÌBATISÍ

Oṣù kẹfà ọdún 1822 ni wọ́n sọ̀ wọ́n sí Freetown ní Sàró. Wọ́n fi í síbi iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sì fi í síléèwé. Kò ju bí oṣù mẹ́fà lọ tó fi lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kejìlá, ọdún 1825, wọ́n ṣèrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, ìyẹn orúkọ àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ iléèwé gíga Fourah Bay. Ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Asano, tí wọ́n sọ ní Susan nígbà ìbatisí, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tiẹ̀.

Nínú lẹ́tà 1837 yẹn kan náà, ó ní bí òun ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn ọmọ aráyé, ó tó bí ọdún mẹ́ta kóun tóó mọ̀ pé ìgbèkùn mìíràn wà tó burú ju èyí lọ, ìyẹn ìgbèkùn ẹ̀ṣẹ̀, àti pé Ọlọ́run ló ṣí òun lọ́kàn láti rí i. Ibi tó wá ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé ọjọ́ tí wọ́n kó ìlú wọn, tó pè ní ọjọ́ burúkú, ó ní òun ti wá kọ́ láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún.

Kẹ́nì kankan má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o. Kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fóun dáa. Gbogbo ayé ẹ̀ ló fi ń bá òwò ẹrú jà. Bí ti Jósẹ́fù inú Bíbélì ló rí, tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tà sí Íjíbítì. Jósẹ́fù ò sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, ó ní ibi ni wọ́n rò sóun, Ọlọ́run ló yí i sí rere. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ rẹ́ jẹ, ìgbàgbọ́ ò ní kó máa pe ìrẹ́jẹ ní oore. Ohun tí ìgbàgbọ́ ń sọ ni pé ẹni tó rẹ́ ọ jẹ kọ́ ló máa kọ orí tó kẹ́yìn nínú ìwé ayé ẹ.

ÌYÁ ÀTỌMỌ PÀDÉ L'ÁBẸ́ÒKÚTA

Lọ́dún 1843, wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1845, òun àtàwọn tí wọ́n jọ rán gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, pé àwọn ń lọ sí Abẹ́òkúta láti lọ dá iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ìròyìn kàn wọ́n pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ọ̀nà dí. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi jókòó s'Ágbádárìgì, tí wọn ò lè lọ síwájú. Àwọn tó ti fọ́rọ̀ síbi iṣẹ́ rí, tí wọ́n ń sọ fún pé "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá, wọ́n mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìgbà tí ọ̀nà wá là lọ́dún 1846, wọn ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ l'Ábẹ́òkúta tí ìròyìn fi dé ìlú kan nítòsí pé ọmọ Òṣóògùn kan ti dé látọ̀dọ̀ òyìnbó. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ, ìyá arúgbó kan wọlé. Afala ni! Gbogbo ọdún tí wọn ò fi ríra wọn, wọ́n ti kó ìyá náà lẹ́rú lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ti rà á padà. Kò mọ̀ pé Àjàyí ṣì wà láyé.

Ṣé igbe ni wọ́n kọ́kọ́ fi bọnu? Rárá o. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ẹ̀ pé ńṣe làwọn dákẹ́, tí àwọn ń wo ara àwọn, tí ìyá òun ń gbọ̀n, tí omijé sì ń bọ́ lójú. Nígbà tó ṣe ló tóó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láwọn orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré. Ọkùnrin náà tún ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹsẹ Bíbélì tó wà fún ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà àwọn Kristẹni tó ń lò ni Orin Dáfídì ìkẹwàá, ẹsẹ kẹrìnlá, níbi tí wọ́n ti sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ ọmọ tí kò ní baba. Ó ní òun ò tíì mọ agbára ọ̀rọ̀ náà rí bíi tọjọ́ yẹn. Lóṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ìyá náà pẹ́ láyé o, ọdún 1883 ló tóó kú.

BÍ KÒ ṢE PARÍ SÍ "WỌ́N SÌ Ń GBÉ NÍ ÀLÀÁFÍÀ"

Ká ní àlọ́ ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ibẹ̀ náà ló máa ń parí sí. "Mo wà nínú ìṣòro, mo gbàdúrà, Ọlọ́run dáhùn, ẹ bá mi yọ̀." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ayé ọkùnrin yìí ò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1841, ó bá wọn lọ sí ìrìn-àjò odò Ọya. Ibà pa nǹkan bíi 40 nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ìrìn-àjò náà. Ní 1857, ó tún bá Baikie lọ, ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó fọ́ yángá. Ọdún 1864, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ariwo sọ kárí ayé. Ní 1867, olóyè kan nítòsí Ìdá jí òun bíṣọ́ọ̀bù yìí gbé, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Wọ́n gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà olóró pa aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìjínigbé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ wò ó bó ṣe ti pẹ́ tó!

Gbogbo ìyẹn ò dùn ún tó èyí tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọdún 1880, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti CMS, wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣe lábẹ́ ẹ̀ kò mọ́. Òótọ́ ni pé àṣìṣe wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n dà pọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ dúdú kankan ò lè darí ìjọ. Lóṣù kẹjọ ọdún 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Ọ̀nìṣà, níṣojú bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn ọmọ tó lè bí lọ́mọ-ọmọ dá àwọn àlùfáà ẹ̀ dúró níṣẹ́. Ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọn ò ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí. Bàbá dìde, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ Susan sì ti kú láti ọdún 1880, kò sí níbẹ̀ láti bá a sọ ọ́ lóru.

Kí ni bàbá yìí ṣe? Kò kúrò nínú ìgbàgbọ́. Kò sì ṣépè. Òun àti ọmọ ẹ̀, Dandeson, tó jẹ́ àlùfáà àgbà, gbájú mọ́ ṣíṣètò bí àwọn ìjọ tó wà lágbègbè Náíjà Dẹ́lítà ṣe máa dá dúró, tí wọ́n á máa fi owó ara wọn ṣe iṣẹ́ ara wọn. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú láàárín ọdún 1891. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, 31 oṣù kejìlá, ó kú l'Ékòó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1892, ni ìjọ tí wọ́n ń ṣètò ẹ̀ dìde dúró. Kò rí i. Òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò ẹ̀.

Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, èyí tí òun àtàwọn bíi Thomas King ti ṣiṣẹ́ lé lórí láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn ló rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2014 ni Justin Welby, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti fi Crowther joyè ní 150 ọdún ṣáájú, tó sì tọrọ àforíjì. Àforíjì náà fi ọdún méjìlélọ́gọ́fà pẹ́ ju ikú ẹ̀ lọ.

OÚNJẸ, OORUN ÀTI IṢẸ́ Ọ̀LA

Kí wá ni ẹni tó wọ ọkọ̀ CMS láàárọ̀ Mọ́ńdè yóò fi èyí ṣe? Ìtàn kan wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kọkàndínlógún, tó jọ ọ̀rọ̀ yìí. Wòlíì Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì ni o, gbogbo ìlú rí i. Jésíbẹ́lì ayaba kàn ránṣẹ́ sí i pé òun máa pa á, ni wòlíì bá sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi kan, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò jágbe mọ́ ọn. Kò ní "ìwọ tí o ń ṣe wòlíì." Ó jẹ́ kó sùn. Ó rán áńgẹ́lì tó bá a dín àkàrà, tó gbé omi kalẹ̀ fún un. Ó jẹun tán, ó tún sùn. Wọ́n tún jí i, wọ́n ní kó tún jẹ, torí pé ọ̀nà tó máa rìn jìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tóó bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe nínú ìjì tàbí iná, ohùn jẹ́jẹ́ ni. Ó wá rán an níṣẹ́ tó kàn, ó sì sọ fún un pé ìwọ nìkan kọ́ ló kù, 7,000 mìíì wà tí wọn ò tẹrí ba fún Báálì.

Ẹni tí nǹkan bá sú, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o ti jẹun? Ṣé o sùn lánàá? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe àìsùn ọjọ́ mẹ́rin ní ogun ìdílé. Lẹ́yìn náà, kó wá ẹnì kan sọ ọ́ fún. Crowther sọ tiẹ̀ síta. Ẹni tó bá wà lójú ẹ̀ láti fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ̀mí ara ẹ̀, kó má dá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Kó pe ọ̀rẹ́, kó pe ìyàwó tàbí ọkọ, kó pe pásítọ̀, kó sì lọ sílé ìwòsàn, torí àìsàn náà lòun náà, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ sì wà. Ọlọ́run tó fi àkàrà rán áńgẹ́lì lè fi oògùn rán dókítà.

Ìyẹn tán, kó mú iṣẹ́ tó kàn ṣe. Ìgbàgbọ́ tí bàbá yìí ní kò dí wọn lọ́wọ́ láti tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ ní Ọ̀nìṣà. Ohun tó ṣe fún un ni pé nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì mọ ohun tóun fẹ́ẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá ìgbàgbọ́ tó máa gbé òkè kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó wà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ tí àwọn èèyàn fi ń gbé láyé ni èyí tó máa gbéni dìde láàárọ̀, tí èèyàn á fi wẹ̀, tó fi máa múra, tó fi máa tún lọ.

Bí Yorùbá bá ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ, ọmọ Òṣóògùn tó ń wá ikú lóru nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá kò bá ti rí ìyá ẹ̀ mọ́, ká ní ọwọ́ ẹ̀ gbà á. Kò bá ti sí Bíbélì tó túmọ̀ yẹn, èyí tí ìyá arúgbó kan lè máa kà lónìí lábẹ́ iná fìtílà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Tí kọ̀ńdọ́ bá tún pariwo "CMS!" láàárọ̀ ọ̀la, tí ọkàn ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bá sì wúwo, kó rántí pé orúkọ ibi tóun ń lọ yẹn, ẹni tí wọ́n fi gba ẹṣin rí ló jẹ́ kí Yorùbá mọ̀ ọ́n. Kó mú ṣéńjì ẹ̀ dání, kó sì bọ́ọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ń dúró dè é.